Ọjọ́ Tí Mo Sáré Kọjá Oògùn Mi

Títí n ó fi wọ ilẹ̀ lọ, ọjọ́ Sátidé kan ò ní kúrò lọ́kàn mi, n kò sì tíì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló yẹ kí n máa fi rántí rẹ̀ tàbí ẹkún.

Kíndìnrín mi méjèèjì ló daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Ìyábọ̀, ló fún mi ní ọ̀kan nínú tiwọn. Láti ìgbà náà ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ àwa tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, lọ́dọọdún la sì máa ń sáré ìdíje ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sùúrùlérè. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Oògùn ti mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wa wú, ìbòmú wà lẹ́nu wa bí ẹni tó fẹ́ ja báńkì lólè, síbẹ̀ tí ẹ bá rí bá a ṣe ń bínú síra wa nítorí ife ẹ̀yẹ tí kò tó ife tíì, ẹ ó mọ̀ pé ara wa ti yá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ tèmi ju ife lọ. Mo fẹ́ fẹ́ Ṣadé. Bàbá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Yábàá, kò gbà. Wọ́n ní àwọn ò ní fọmọ àwọn fún ẹni tó ń fi kíndìnrín ẹlòmíì ṣayé. Mo bá pè wọ́n wá sí pápá, kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé abarapá ni mí. Mo lọ ra ṣòkòtò eré funfun ní Tejúoṣó. Ó fẹ̀, àmọ́ ẹni tó tà á ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ lókè òkun nìyẹn. Ohun tó bá ti dùn létí ni mo máa ń gbà gbọ́.

Àárọ̀ kùtù ló yẹ ká bẹ̀rẹ̀. Alága wa gba gbohùngbohùn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé àga wá. Nígbà tí wọ́n máa fi jókòó, aago mẹ́wàá ti fẹ́ lù, ìgbà yẹn gan-an sì ni gbogbo wa ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín àlejò. Òfin ẹgbẹ́ ni pé bí aago oògùn bá ti dún, ohun yòówù kéèyàn máa ṣe, kó dúró, kó lò ó.

Wọ́n fọn fèrè, mo bẹ́ lu eré. Mo ti fi Ìyá Ìpọ̀nrí, màmá tó máa ń na gbogbo wa lọ́dọọdún, sílẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì ìdí oníkálukú. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ṣí omi. Tèmi náà ń dún. Mo wo iwájú, mo rí okùn ìparí. Mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí bàbá Ṣadé lábẹ́ agbòòrùn. Mo ní oògùn á dúró dè mí.

Ariwo sọ. Mo rò pé wọ́n ń yìn mí ni, mo tún fi kún eré. Mo gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, mo ní Ìyá Ìpọ̀nrí ti ń bọ̀ nìyẹn. Àṣé Àǹtí Ìyábọ̀ tí wọ́n wá wòran ni, wọ́n ká ìró dé orúnkún, ìgò omi lọ́wọ́ kan. Ọwọ́ kejì ni wọ́n fi gbá ṣòkòtò mi mú. Rọ́bà rẹ̀ já. Gbì ni mo ṣubú síwájú àna mi, ọpẹ́lọpẹ́ pátá.

"Kíndìnrín mi lò ń bá ṣeré," Àǹtí mi sọ, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Lanu."

Mo lanu. Wọ́n yọ oògùn nínú báàgì ìdí mi, wọ́n sọ ọ́ sí i bí ẹni ń bọ́ ọmọ ọwọ́. Àwọn yòókù lo tiwọn tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n sáré kọjá lára mi níbi tí mo ti ń so ṣòkòtò. Ìyá Ìpọ̀nrí ló gba ife. Wọ́n tiẹ̀ kí mi pé mo kú ìsapá.

Bàbá Ṣadé rìn wá bá mi, wọn ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Kíndìnrín yẹn dáa," ni wọ́n wí. "Orí tó ń gbé e kiri ló ń bà mí lẹ́rù."

Wọ́n yíjú sí Àǹtí mi, wọ́n bi wọ́n léèrè ìgbà tí mò ń lo oògùn, wọ́n sì fa fóònù tiwọn yọ. Ojú tì mí débi pé n kò bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tẹ̀.

Wọ́n padà gbà fún wa. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí àlùfáà ṣe ń bi mí bóyá mo gbà láti fẹ́ Ṣadé, fóònù dún ní ìjókòó iwájú. Bàbá Ṣadé dìde, wọ́n fa ìgò omi yọ lápò agbádá, wọ́n ń bọ̀. Mo gbé oògùn mì kí n tó lè sọ pé mo gbà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tí ẹlòmíì bá fún ní ẹ̀mí kì í fi í ṣeré. Láàárọ̀ yìí náà, àna mi pè mí lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Mo ní mo ti lò ó. Wọ́n ní kí n lanu kí àwọn rí i. Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹnu ṣáà ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀.