Rúlà Tísà àti Ilẹ̀kùn Bọ́lọ́rundúró

Tísà Akíndúró, Àkànní, ọmọ Èkìmọ̀gún, ọkọ Fẹ̀hìntọ́lá, baba Yétúndé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ló fún mi ní ọjọ́ kan tí kò lè tán lọ́kàn mi láéláé.

Ọdún tí nǹkan le ni. Kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ àga wá bá èmi káfíńtà l'Ákùúrẹ́ mọ́. Tísà, tó ń kọ́ni ní Látìn l'Óǹdó, bẹ àwọn ará ìjọ Bọ́lọ́rundúró títí wọ́n fi gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wọn fún mi. Ó ní, “Orúkọ mi ni mo fi dúró fún ẹ o, Káfíńtà.” Téèpù mi ti já, ló bá fún mi ní rúlà onígi ẹlẹ́sẹ̀ bàtà kan tó ń lò ní kíláàsì. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni: régúlà, igi gbọọrọ tí wọ́n fi ń mọ ohun tó tọ́. Òun ló bí rúlà ọwọ́ mi, òun ló bí rúùlù tí í ṣe òfin, òun náà ló bí rẹ́gúlà tí à ń pe ẹni tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Mo há gbogbo ẹ̀ sórí.

Ẹsẹ̀ bàtà méje ni wọ́n kọ ránṣẹ́ pé kí ilẹ̀kùn ga, kó fẹ̀ ní mẹ́ta. Mo tẹ́ rúlà lẹ́ẹ̀meje fún gíga, lẹ́ẹ̀mẹta fún ìbú, mo rẹ́ pákó. Látìn ló wà lẹ́nu mi, ojú mi ò sí níbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó ku ọ̀la kí bíṣọ́ọ̀bù dé, mo kọ́kọ́ dúró ṣàlàyé régúlà àtàwọn ọmọ ẹ̀ fún ìjọ. Tísà ń mi orí. Ìgbà tí a wá gbé ilẹ̀kùn sókè, ó gba inú férémù kọjá wọnú ṣọ́ọ̀ṣì láì kan ibì kankan. A fi tipátipá so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ọmọ ewúrẹ́ kan rọra gba abẹ́ ẹ̀ wọlé.

Ìyá Adúkẹ́, olórí àwọn ìyá ìjọ, wò mí. “Káfíńtà, o kú iṣẹ́. Tewúrẹ́ ti parí, tiwa ńkọ́?”

Mo ń retí kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, kò lanu. Tísà gba rúlà, ó wo ṣóńṣó ẹ̀: ínǹṣì àkọ́kọ́ ti kán dànù. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo tẹ́ ẹ fún gíga, ínǹṣì méje ló lọ; ẹ̀ẹ̀mẹta fún ìbú, mẹ́ta ló lọ. Ó lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ó nà án sókè fún gbogbo wọn.

“Ẹ má bá a wí. Orí àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo kán an sí.”

Ìyá Adúkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. A lẹ pákó mọ́ ọn lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù gba ibẹ̀ wọlé, kò mọ nǹkan kan. Nítorí bí mo ṣe lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹni mẹ́ta gbé iṣẹ́ fún mi kí oṣù tó parí.

Láti ọjọ́ náà, n kì í ròyìn irinṣẹ́ kí n tó wo ṣóńṣó ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, pósí Tísà ni mo kàn. Téèpù ni mo fi wọ̀n ọ́n, lẹ́ẹ̀mẹta, tẹ̀rín-tẹkún. Ó gbà á rẹ́gí. Mo fi rúlà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́.

A sin ín l'Óǹdó, lọ́jọ́ Ẹtì.