Àgbà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Wọ́n ní kí Nọ́ọ̀sì wá fojú kan àgbà ilé ní Sátidé.

Bàbá àfẹ́sọ́nà ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló pè é lórí fóònù. Ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò tíì ṣíwọ́ ìdánwò. Ọkùnrin méjì ló ti wá tọrọ ọmọ ẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì ló fìdí rẹmi.

"Ọ̀dọ̀ àgbà ilé yìí lọ̀rọ̀ ẹ kù sí," bàbá ní. "Bí ìwọ àti àwọn bá mọwọ́ ara yín, wàá fẹ́ ọmọ mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó dàbọ̀."

"Ṣé wọ́n ti dàgbà gan-an, sà?"

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni wọ́n lò nínú àgbá!"

Ìgò wisikí ni bàbá ń sọ o. Wisikí láti Sìkọ́tíláǹdì, tó jẹ́ ọkà báálì nìkan ni wọ́n fi ṣe é. Ọtí náà fi ọdún méjì ju ọmọ ẹ̀ lọ, bàbá ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i fín, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pè é ní "ó". "Wọ́n" ni.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bàbá ní "àgbá", Nọ́ọ̀sì gbọ́ "àgbà". Ó bá ṣírò ẹ̀. Téèyàn bá wọ ipò àgbà ní àádọ́rin ọdún, tó wá lo mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n níbẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún nìyẹn.

Wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ni Nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Ó mú bírò.

"Ṣé wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ ṣáá ni, sà?"

"Dùbúlẹ̀ kẹ̀! Ìdúró ni wọ́n ń wà tọ̀sántòru. Tí wọ́n bá fi lè dùbúlẹ̀, jíjò ló kù."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀: jíjò.

"Omi ńkọ́, sà?"

"Ẹ̀kán méjì. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ti pa wọ́n."

"Oòrùn?"

"Wọn ò gbọdọ̀ rí i! Inú àgbá Ṣẹ́rì ni wọ́n dàgbà sí, òkùnkùn ló mọ́ wọn lára."

Ọtí wáìnì tó kọ́kọ́ wà nínú àgbá náà ni Ṣẹ́rì, àmọ́ Nọ́ọ̀sì kọ "Àgbà Ṣẹ́rì" sílẹ̀, ó sì fi àmì ìbéèrè sí i. Bóyá ìyá wọn ni.

Nígbà tó di Sátidé, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dání, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti páálí ńlá kan tó fi bébà aláràbarà wé. Ìyá ìyàwó ló ṣílẹ̀kùn.

"Kí ló wà nínú èyí?"

"Ìlédìí àwọn àgbàlagbà ni, mà. Nítorí jíjò."

Ìyá wò ó. Ó gba páálí, ó wọ kíṣìnì lọ.

"Àwọn àgbà dà, sà?" Nọ́ọ̀sì ti ń wọ ìbọ̀wọ́.

"Wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù." Bàbá ń nu gíláàsì lọ́wọ́ tiẹ̀.

"Nínú kí ni, sà? Ṣé ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ni?"

"Kọ́kọ́rọ́ méjì ni mo fi tì í. Tí mo bá ṣí i sílẹ̀, ìyàwó mi á dà wọ́n sí síńkì."

Nọ́ọ̀sì ò gbọ́ irú ìkà bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ara ẹ̀ gbóná wáí. Ìyàwó tó wá fẹ́ kúrò lọ́kàn ẹ̀ pátápátá.

"Bàbá àgbà! Ẹ rọ́jú! Mo ti dé!"

GBÀGÀ! Ó ta ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù nípàá.

Gbirigbirigbiri! Ìgò kan yí jáde, ó forí lé ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan hán an, ó há a mọ́ abíyá, ó ki orí bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Bàbá dà?"

"Àwọn ló wà lábíyá ẹ yẹn," bàbá ní. "O sì ti dá wọn dùbúlẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ìtàn yìí, ẹ dúró ná. Ẹ̀rín ń pa mí!

Ó ti tó.

Ojú ti Nọ́ọ̀sì débi pé kò rántí bọ́ ìbọ̀wọ́. Bàbá rọ ìwọ̀n ìka kan sínú gíláàsì méjì, ó kán omi sí i. Tó. Tó.

"Ìdánwò ò tíì parí. Gbóòórùn wọn. Kí lo gbọ́?"

Nọ́ọ̀sì fi imú sí i. "Èso gbígbẹ, sà. Èèpo ọsàn. Àti bí ìgbà tí ìyá àgbà bá ṣí àpótí aṣọ."

Ojú bàbá là wáá. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ wá, "Ó dáa, sà" ni wọ́n wí. "Ó yá, tọ́ wọn wò!"

Nọ́ọ̀sì tọ́ ọ wò. Dídùn ló kọ́kọ́ dé, títa tẹ̀lé e, ìtọ́wò igi àgbá wá jókòó sẹ́yìn ahọ́n, ó lóun ò lọ mọ́.

"Kí ni wọ́n sọ fún ẹ?"

Ọmọ yìí ò mọ irọ́ pa. "Sà, wọ́n rán mi létí sípíríìtì tá a fi ń nu apá ká tó gún abẹ́rẹ́."

"SÍPÍRÍÌTÌ?"

Iṣan yọ lọ́rùn bàbá. Ojú ẹ̀ pọ́n. Nọ́ọ̀sì rí iṣan yẹn, iṣẹ́ sì borí ẹ̀rù.

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ na apá."

Bàbá ò mọ ìgbà tó jókòó tí Nọ́ọ̀sì fi we ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Fíìn, fíìn, fíìn. Ṣììììì.

Ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà.

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó tún un wọ̀n. Kò yẹ̀. Ó rọra gbé gíláàsì bàbá kúrò níwájú ẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru rèé, sà. Lọ́la, ẹ máa rí dókítà. Àwọn àgbà yìí, ẹ ò ní fẹnu kàn wọ́n mọ́."

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìyá ti ń bẹ ọkọ ẹ̀ pé kó lọ yẹ ara ẹ̀ wò. Ohùn ẹ̀ jáde láti kíṣìnì:

"Nọ́ọ̀sì! Mélòó ni ẹ̀rọ yẹn pè? Síńkì ti wà ní sẹpẹ́ o!"

Bàbá wo ìgò. Ó wo ilẹ̀kùn kíṣìnì. Ó fà sún mọ́ etí Nọ́ọ̀sì, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́:

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, oṣù wo lẹ fẹ́ ká fi ìgbéyàwó sí?"