Ìwé Ọ̀la Tí Bámilóyè Ti Kọ

Ẹni tí kò bá mọ Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè, kí ó dúró ní Abúlé Òkúta láàárọ̀ kùtù. Ọkùnrin tó bá rí tó wọ ẹ̀wù funfun àwọn oníṣẹ́ ìlera lọ ra búrẹ́dì, òun náà nìyẹn. Ẹ̀wù yẹn ló wọ lọ síbi ìsìnkú bàbá ìyàwó rẹ̀. Àwọn aládùúgbò sì ti fún un lóríkì tó yẹ ẹ́: Lékeléke Abúlé Òkúta, ọ̀gá abẹ́rẹ́ tí í sá fún ẹ̀jẹ̀.

Òun ló ni ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ládùúgbò náà. Shakirat, ọmọ Ṣómólú tó kàwé nípa àyẹ̀wò, ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀. Bámilóyè ló ń ṣe ìgbéraga ibẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá láyé: ìwé ẹ̀rí tí àwọn olùyẹ̀wò fi ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò pé ojú òṣùwọ̀n. Ilé ìwòsàn kan ní Ọbáníkòró ti ṣèlérí pé bó bá rí i gbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ àwọn yóò máa wá. Bí kò bá rí i, ilé àyẹ̀wò kan ní Akọkà ni wọn yóò máa kó o lọ.

Àwọn olùyẹ̀wò kì í béèrè ẹwà, àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Mélòó ni ìwọ̀n òtútù fíríìjì tí kẹ́míkà àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀ láàárọ̀ àná? Ta ló wò ó? Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án tí Shakirat ti ń bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó ra ìwé tí òun yóò máa kọ ọ́ sí. Bámilóyè ní ìwé kì í wo àìsàn.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí olùyẹ̀wò dé, ó ra ìwé ńlá mẹ́ta.

“Shakirat, jókòó. Kọ mẹ́rin.”

“Mẹ́rin kí ni, sà?”

“Ìwọ̀n òtútù tí wọ́n ń fẹ́ ni. Mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin nírọ̀lẹ́, láti oṣù kìíní.”

“Ẹ má bínú, sà. Ohun tí mi ò fojú rí, mi ò lè fọwọ́ sí i. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi ni wọ́n máa gbà.”

“Ṣé fíríìjì máa lọ fẹjọ́ ẹ sùn ni?”

“Fíríìjì ò níí sọ̀rọ̀, sà. Iná tí kì í sí ló ń sọ̀rọ̀.”

Bámilóyè kọ hà. Àgbà tó lọ́wọ́ méjì kì í bẹ ọmọdé kó bá òun họ ara. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kíkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Bí mẹ́rin ṣe ń tẹ̀lé mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ yá, kò lè dúró mọ́. Ó kọ àná, ó kọ òní, ó kọ títí dé ìparí ọdún. Ó ṣí ìwé ẹ̀sùn aláìsàn, ó kọ “Kò sí” sí ogójì ojú ewé. Ó ṣí ìwé ìpàdé òṣìṣẹ́, ó kọ ìpàdé mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni kò ṣe, ó sì fi ìkẹwàá kún un, torí inú rẹ̀ ń dùn.

Ọjọ́ pé. Bámilóyè ti pe Àlàájì Àyúbà, olórí ẹgbẹ́ onílé, àtogún aládùúgbò, kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń yẹ́ ènìyàn ńlá sí. Olùyẹ̀wò tó dé ni Ìyáàfin Sabina, ọmọ Ìlàjẹ tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja létí ọ̀sà. Láti kékeré ló ti mọ ẹja tútù yàtọ̀ sí èyí tó ti rà.

Bámilóyè gbé àwo ṣinṣín síwájú rẹ̀. Obìnrin náà ṣí ìwé òtútù.

“Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá lòní, àbí, sà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Mo rí ìwọ̀n òtútù ọjọ́ Kérésìmesì níbí.”

Bámilóyè rẹ́rìn-ín músẹ́. “Níbi tiwa, mà, a kì í jẹ́ kí iṣẹ́ pẹ́.”

Àwọn onílé pàtẹ́wọ́.

“Ìwé ìpàdé ńkọ́?”

“Ẹ kà á sókè, mà, kí àwọn bàbá lè gbọ́.”

Ìyáàfin Sabina gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á ketekete:

“Ìpàdé ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá. Ọ̀gá sọ fún wa pé olùyẹ̀wò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó rí iṣẹ́ wa, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba àpòòwé tí a fi sábẹ́ àwo ṣinṣín rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Gbogbo òṣìṣẹ́ kọrin yin ọ̀gá.”

Ó gbé àwo ṣinṣín tó wà níwájú rẹ̀ sókè. Àpòòwé náà sùn síbẹ̀ jẹ́ẹ́.

“Omijé ni kò tíì dé, sà,” ló wí.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bámilóyè na ọrùn sí bírò obìnrin náà. “Mà, kí lẹ ń kọ yẹn?”

“Mi ò tíì kọ nǹkan kan, sà. Èmi máa ń dúró kí nǹkan ṣẹlẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí, kò sí.”

Àlàájì Àyúbà dìde, ó ń ká apá agbádá rẹ̀. “Bámilóyè, èsì ṣúgà tí o fún mi lọ́jọ́ tí Shakirat ò wá, tí o ní kí n máa mu Fáńtà mi lọ. Ṣé ẹ̀yìn tí ẹ gbẹ̀jẹ̀ lo kọ ọ́, àbí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

Àwọn aládùúgbò yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá èsì tiwọn. Báàgì ń ṣí, àpò ń tú. Láìpẹ́, èsì mẹ́tàlá ti wà lókè bí ìwé ìdìbò.

“Shakirat, ọmọ mi, apá mi rèé. Tún tèmi gbà,” Àlàájì wí.

Shakirat ṣí fíríìjì, ó wo ìwọ̀n rẹ̀. “Ẹ ní sùúrù, bàbá. Kẹ́míkà ti bàjẹ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìwọ̀n fíríìjì, kì í ṣe mẹ́rin.”

“Ṣé o fojú rí i?” Ìyáàfin Sabina béèrè.

“Mo rí i, mà.”

“Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Shakirat fa igi lé mẹ́rin tí ọ̀gá rẹ̀ kọ sí ọjọ́ òní, ó kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó fọwọ́ sí i. Ìwé náà tóbi, kò sí tábìlì nítòsí. Bámilóyè ló bá a gbé e dání.