Bí Mọ́nsúrù Ṣe Lọ Ṣe Dókítà Lókè Òkun

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ wọ Mọ́nsúrù: kì í jalè, kì í mutí, kì í bá èèyàn jà. Ẹnu nìkan ni ìyọnu rẹ̀. Bí ẹ bá bá a níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà, yóò ní ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi gbé ẹ̀wà náà wá. Bí òjò bá rọ̀ sí ilé rẹ̀ ní Ìkòsí, yóò ní irú òjò yẹn kì í rọ̀ sílé tálákà.

Iṣẹ́ híjámà ló ń ṣe ní Kétu, iṣẹ́ kí wọ́n fi ife fa ẹ̀jẹ̀ tó dì kúrò lẹ́yìn èèyàn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi kọ́ ọ lórí fóònù. Tí ẹ bá yọ ọjọ́ tí dátà tán kúrò níbẹ̀, ọjọ́ méje péré ni. Ó ra aṣọ funfun, ó gbé páálí ẹ̀rí kọ́ ògiri, ó ní kí gbogbo àdúgbò máa pe òun ní Dókítà. Àwọn kan gbà. Ìyá tó bí i kọ̀ jálẹ̀, nítorí ìyá náà ti dùbúlẹ̀ kó fi ife sí i lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan rí.

Ó wá fẹ́ fẹ́ Ruqoyah. Àlàájà Ajarat, tó ń ta tòmátì lápẹ̀rẹ̀ lápẹ̀rẹ̀ ní Mile 12, ni ìyá Ruqoyah, Àlàájà kò sì rí ti Mọ́nsúrù rò. Mọ́nsúrù lọ bá a nídìí ọjà, ó ní, "Mọ́mì, àwọn ará òkè òkun ń bẹ̀ mí pé kí n wá bá àwọn wo aláìsàn."

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí ó fi di apẹ̀rẹ̀ mú. "Ó dáa. Ọjọ́ tí o bá débẹ̀, pè mí lórí fídíò, kí n fi ojú ara mi rí i. Ọjọ́ yẹn náà ni màá ní kí àwọn àfáà wá so yìgì." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ yẹn kò sí nínú kàlẹ́ńdà.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Mọ́nsúrù rí ìkéde lórí fóònù. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ń wá àwọn tó mọ híjámà, ewé àti egbò, kí wọ́n wá fi ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ lókè òkun fún oṣù kan, ládùúgbò tí dókítà kò ti pọ̀. Mọ́nsúrù ṣí fọ́ọ̀mù. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní ìlú wo lẹ ń gbé, ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ta ni yóò wá mú dókítà ní Kétu? Ó kọ London. Wọ́n ní kó fi fọ́tò ilé rẹ̀ sí i. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Magodo, ó dúró síwájú géètì olówó kan, ó ya fọ́tò ilé náà kí àwọn géètìmánù tó lé e. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mọ́nsúrù wo ilé onílé, ó sọ ara rẹ̀ ní ará London. Wọ́n tún béèrè èdè tó gbọ́. Ó kọ òyìnbó, ó kọ Yorùbá, ó ní òun gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Òtítọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà nìyẹn, òun náà ló sì pa á lára jù.

Oṣù kejì, lẹ́tà dé, ojú ìwé márùn-ún. Èkíní sọ pé wọ́n ti gbà á, kó fúnra rẹ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà ní aago méjì ọ̀sán Sátidé, pé ẹnì kan yóò gbé páálí tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ dúró dè é. Mọ́nsúrù ya fọ́tò ojú ìwé yìí, ó gbé e sí sítátọ́ọ̀sì. Mẹ́rin tó kù, kò ṣí i wò. Afọ́nnu kì í ka ojú ìwé kejì.

Wọ́n ṣàdúrà fún un ní mọ́sáláṣí. Ó ti ilé iṣẹ́ pa, ó sì fi yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó ní ẹni tó ń lọ sókè òkun kì í wẹ̀yìn. Ruqoyah ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sídìí òkìtì aṣọ òkìríkà lábẹ́ bíríìjì Kétu, ó ṣa súwẹ́tà aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ya ẹtu pupa sí láyà. "Bọ̀ọ̀dá Mọ́nsúrù, ẹ wọ̀ ọ́ kí òtútù má pa yín." Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ràn. Ó fẹ́ sìn ín dé Ìkẹjà, Mọ́nsúrù ní kò ṣeé ṣe, pé bí wọ́n bá rí ẹni tí kò ní físà nítòsí ibẹ̀, mímú ni wọ́n ń mú un.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Mọ́nsúrù kò lọ ju Kétu sí Ìkẹjà lọ, òtítọ́ sì ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó gbé páálí dání.

Ọ̀gbẹ́ni Débọ́lá ló gbé páálí náà, òun ni aṣojú ẹgbẹ́ ní Èkó. Bó ṣe rí súwẹ́tà, ó sáré wá. "Dókítà, ẹ káàbọ̀ sí Nàìjíríà. Báwo ni ọ̀nà?"

Mọ́nsúrù rò pé bí wọ́n ṣe ń bá èrò ọkọ̀ òfuurufú ṣeré nìyẹn. "Ọ̀nà dára. Ibo ni ọkọ̀ wa wà?"

"Ó wà níta. Kò jìnnà rárá, Mile 12 là ń lọ."

"Mile 12 wo?"

Débọ́lá fa ojú ìwé kejì yọ. Ó wà níbẹ̀ gàdàgbà: ọjà Mile 12, Kòṣọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó. "Ẹ̀yin tí ẹ wá láti London," ni Débọ́lá wí, "ibí ni òkè òkun yín. A sì dúpẹ́ pé ẹ gbọ́ èdè wọn."

Kí ni ì bá ṣe? Bó bá jẹ́wọ́, ojú wo ni yóò fi wo Kétu? Yàrá gan-an kò sí mọ́. Ó wọ ọkọ̀. Wọ́n gba Ọ́jọ́ta, wọ́n gba iwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó fi àgádágodo tì láàárọ̀, Débọ́lá sì ń fi ọwọ́ hàn án: "Kétu nìyí, Dókítà. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ di fóònù yín mú." Wọ́n gbà á sílé ní Ifákọ̀. Nítorí pé ará London ni, ànàmọ́ òyìnbó tí kò ní iyọ̀ tí kò ní ata ni wọ́n ń fún un láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó sunkún nígbà tí ilé kejì ń dín ata.

Ohun tó wá ń bà á lẹ́rù ni ohùn rẹ̀, nítorí ta ni kò mọ ohùn Mọ́nsúrù lọ́jà? Ó sọ fún Débọ́lá pé Yorùbá òun, ti London ni, kò bá ti ibí mu, kí wọ́n bá òun wá ògbufọ̀. Ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó fi awò dúdú bo ojú, ó de fìlà onírun, ó wọ súwẹ́tà. Gbogbo ará London tí òun rò pé òun mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń múra.

Ní Wẹ́sídeè, wọ́n ta kánópì sáàárín àwọn tó ń ta tòmátì, wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ gbàgàdà pé dókítà láti London ti dé. Èrò ya bo ibẹ̀. Àwọn tó sá fún ife Mọ́nsúrù ní Kétu wà lórí ìlà, wọ́n ń ti ara wọn. Débọ́lá wá mú ògbufọ̀ wọlé, ọmọ ọjà kan tí wọ́n ní ó gbọ́ òyìnbó dáadáa. Ruqoyah ni.

Ruqoyah wo fìlà. Ó wo awò. Ojú rẹ̀ wá balẹ̀ sórí ẹtu pupa tó wà láyà súwẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ ṣà. Inú bí i. Ó jókòó, ó tún gèlè ṣe. "Dókítà, ẹ kú ìrìn o," ló wí.

Ẹni kẹrin tó wọlé ni Àlàájà Ajarat, ó di ìbàdí mú. "Ruqoyah, sọ fún un pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Sọ fún un pé ọmọkùnrin kan ní Kétu, Mọ́nsúrù, ló fi ife sí mi lẹ́yìn kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ife náà kọ̀, kò já. Fọ́ganáísà tó ń lẹ táyà ló bá wa yọ ọ́."

Ruqoyah túmọ̀ rẹ̀, kò sì gbàgbé fọ́ganáísà. Ọlọ́gbọ́n á ní pẹ̀lẹ́, á fi òróró pa obìnrin náà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n bú yìí o, ẹnu ló sì máa ń gbèjà rẹ̀. Mọ́nsúrù gba òróró sọ́wọ́, ó fi imú sọ òyìnbó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ruqoyah gbọ́ ọ tán, ó jẹ ètè.

"Mọ́mì, wọ́n ní àwọn gbúròó Bọ̀ọ̀dá Mọ́nsúrù ní London. Wọ́n ní àgbà dókítà ni, pé ìwé nípa wọn làwọn ọmọ òyìnbó ń kà nílé ìwé."

"Mọ́nsúrù wo? Mọ́nsúrù onífe?" Àlàájà fa fóònù yọ. "Ó yẹ kó gbọ́ eléyìí. Láti Sátidé ló ti ní òun máa pè mí." Ó tẹ fídíò.

Àpò Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Gbogbo ìlà yíjú síbẹ̀. Mọ́nsúrù fa fóònù yọ kó lè pa á, ṣùgbọ́n òróró ti bo ìka rẹ̀. Ìka yọ̀, ìpè wọlé. Àlàájà rí ìbòmú àti awò nínú fóònù. Ó wo fóònù, ó wo Dókítà, ó tún wo fóònù.

"Mọ́nsúrù."

"Mọ́mì." Yorùbá Kétu ló jáde. "Mo ti débí o. Ibí dára."

"Fi ibẹ̀ hàn mí."

Ọkùnrin náà yí fóònù sódì. Àlàájà rí ìyá kan tó jókòó sáàárín apẹ̀rẹ̀ tòmátì, tó di ìbàdí mú.

"Obìnrin yẹn jọ mí."

"Wọ́n pọ̀ níbí, Mọ́mì."

"Òtútù ibẹ̀ ńkọ́?"

Òógùn ń kán láti inú fìlà onírun sórí fóònù. "Ó mú gan-an, Mọ́mì."

"Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ọjọ́ tí o bá padà délé ni a máa mú ọjọ́ yìgì." Àlàájà pa fóònù, ó dìde, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ láìtọ́jú. Débọ́lá, tí ọ̀rọ̀ náà kò yé, bi Dókítà léèrè bóyá òun àti ìyá náà mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, ní London.

Ó ti tó oṣù márùn-ún báyìí. Mọ́nsúrù ti ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ní àràárọ̀ ló ń lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú apẹ̀rẹ̀ tòmátì, á ní, "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìgì yẹn ńkọ́?"

Àlàájà á wò ó títí, á yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ruqoyah, wá bá mi túmọ̀ ohun tí òyìnbó yìí ń sọ."

Ruqoyah á tẹ́tí sí i dáadáa. "Mọ́mì, wọ́n ní àwọn ò tíì mọ ọjọ́ tí àwọn máa dé."