Ọjọ́ Tí Bàbá Onílé Pọn Ògiri

Eku ló dá a sílẹ̀.

Eku kan ṣoṣo, kò tó àtàǹpàkò, ló gun ògiri, ni Ayọ̀kúnlé ọkọ mi bá gbé ọmọ odó. Mo ní, "Bàbá Goodness, bọ́ọ̀dù mà ni ògiri yìí o." Ó ní kí n sún sẹ́yìn, pé eku ọ̀hún ti ń fojú di òun láti ìjẹta.

Gbàù!

Ọmọ odó wọnú ògiri lọ dé ìdajì. Nígbà tó fi máa fà á yọ, ihò ti tó ẹnu ìkòkò ọbẹ̀. Eku gbabẹ̀ kọjá sí yàrá Bàbá onílé. Kò tiẹ̀ sáré.

Ẹ jẹ́ n sọ irú ògiri tó jẹ́. Nígbà tí ìlú le, tí gààrí di ohun à ń fi ṣíbí wọ̀n, Bàbá Akínsànyà, ọmọ Oǹdó tó kọ́lé sí Àkúrẹ́, fi bọ́ọ̀dù pín pálọ̀ rẹ̀ sí méjì. Ó fi ìdajì háyà fún wa, òun ń gbé ìdajì kejì. Bí a bá sín níbí, lọ́hùn-ún ló ti ń kí wa ní pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ tí a kó dé ló ti sọ ọ́: ẹni tó bá dá ògiri òun lu, kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ.

Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Goodness ò tíì pé oṣù méje. Ibo ni mo fẹ́ gbé e gbà?

Ṣùgbọ́n Bàbá wà lóko rẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró, ọ̀la ló máa dé. Ọkọ mi sáré lọ tọrọ àjákù bọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ Adéṣínà káfíńtà. Ìyẹn ní kó fi ìṣó kéékèèké kàn án o, torí ògiri náà fẹ́lẹ́. Ọkọ mi ní ẹni tí kò mọ iṣẹ́ là ń gbà nímọ̀ràn. Ìṣó gbọọrọ ìnṣì mẹ́rin ló fà yọ lára bẹ́ǹṣì tó ti kú, ó ń fi òkúta nà wọ́n tọ́.

Ògiri tí kò nípọn ju búrẹ́dì tí wọ́n gé lọ!

Ọkọ mi gbé àjákù bọ́ọ̀dù bo ihò. A ò mọ̀ pé òjò ti lé Bàbá kúrò lóko. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, òtútù mú un, ó wọ kóòtù rẹ̀ tó nípọn bí àpò kòkó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, oorun gbé e lọ.

Kọ̀, kọ̀, kọ̀.

Ohùn kan dáhùn lọ́hùn-ún: "Ta nìyẹn?"

Àwa méjèèjì dì bí ẹ̀kọ. Ọkọ mi ní rédíò ará ẹ̀yìn ilé ni. Kọ̀, kọ̀.

"Mo ní ta ni? Ẹ wọlé, n ò tìlẹ̀kùn."

Mo di ọkọ mi lápá mú. Ó ní ìṣó kan ló kù, pé iṣẹ́ tí a ò parí ni Bàbá máa rí. Ó gbé òòlù sókè dé àjà.

Gbòlà!

A gbọ́ tí Bàbá ń ráhùn pé òun á kúkú dìde wá ṣílẹ̀kùn. Ó dìde. Kò leè dìde. Ó fa ara rẹ̀. Nǹkan fà á padà. Ó béèrè ẹni tó di òun mú, ló bá bẹ̀rẹ̀ "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run." Ibi "gbà wá lọ́wọ́ bìlísì" ló dé tó fi gbogbo agbára fò síwájú.

Gbàràgàdà-gàdà-gbìì!

Ògiri bá a lọ.

Odindi ògiri! Ìṣó ti kan kóòtù Bàbá mọ́ ọn, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí abiyamọ tó bí ìbejì. Àwa ń wo yàrá rẹ̀, yàrá rẹ̀ ń wo wá. Eku ń jẹ gààrí rẹ̀ lórí tábìlì. Bó ṣe yíjú láti wo ẹni tó wà lẹ́yìn, bọ́ọ̀dù gbá àtùpà, ó gbá ìkòkò, ó gbá ọkọ mi lulẹ̀.

Ilẹ̀ tó wà yẹn náà ló ti dọ̀bálẹ̀, òòlù lọ́wọ́: "Ẹ kú àbọ̀, sà."

Ẹ̀rín ò jẹ́ n kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ náà, n ò rẹ́rìn-ín o. Èdè Oǹdó ni Bàbá fi bú wa. Ọmọ Ìta-Ògbólú ni mí, n ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, èyí tí mo gbọ́ sì tó mi. Mo kúnlẹ̀ tọmọtọmọ, mo bẹ̀bẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta péré, ká fi wá yàrá mìíràn. Ó gbà.

A fi ìró mi ta bí ògiri. Eyín sì ń hù lẹ́nu Goodness. Bó ṣe ń ké lẹ́yìn bọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí. Báyìí, etí Bàbá gan-an ló ń ké sí. Lọ́jọ́ kejì, òun ló ń gbé e jó kiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ń fomijé di ẹrù, mo gbọ́ tí ẹlòmíràn náà ń di ẹrù lẹ́yìn ìró. Bàbá yọ sí wa, ẹní lábẹ́ abíyá, àdá lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ tú ẹrù yín. Mo ń padà sí Bọ́lọ́rundúró."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ní ejò pọ̀ lóko."

Ó ní, "Ejò kì í ké."

Ó ní tí eyín ọmọ náà bá ti hù tán, ká ránṣẹ́ pe òun.

Mo la ẹnu Goodness wò. Ẹyọ kan ló tíì yọrí, òun náà ò sì tíì jáde tán.