Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Fi Orí Tirẹ̀ Kún Ogún Orí

Bí ẹ bá dé ibi tí a ti ń ya àwòrán ọpọlọ ní erékùṣù Pulau Pinang, ẹ má wulẹ̀ bèèrè Ọ̀jọ̀gbọ́n Nazaruddin. Fọ́tò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wà níbi tí a ti ń mu tíì teh tarik, ó tún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́. Èmi tí mo ti ń darí ẹ̀rọ níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá ti fún un lóríkì: Orí-ju-Orí-lọ, Ọmọ Mo-Gbọ́n-Tán-Mo-Tún-Ṣẹ́kù.

Oyè Dato' ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ààfin ò tíì pè é, ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì.

Ó dá kíláàsì kan sílẹ̀, ó pè é ní Ìmọ́lẹ̀ Orí, ó sì fẹ́ kí ìjọba sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ iléèwé. Ló bá ní ká ya ọpọlọ ogún ènìyàn tó ti ṣe kíláàsì náà àti ogún tí kò ṣe é, bí wọ́n ṣe ń rántí ọ̀rọ̀. Vani, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ni yóò yọ ti ẹgbẹ́ kejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù, kọ̀ǹpútà á kùn ún ní pupa.

Vani yọ ọ́ títí, kò rí pupa kankan.

"Pupa dà?"

"Kò sí, sà. Ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba."

"Dọ́gba kẹ̀? Ọdún mẹ́rin lo ti lò lọ́dọ̀ mi. Bí mi ò bá rí pupa, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé ọ̀mọ̀wé rẹ. Wàá padà sílé lọ bá ìyá ẹ ta oúnjẹ idli."

Àánú ọmọ náà ṣe mí. Nígbà tó dọjọ́ kejì, ọ̀gá gbé ọgbọ́n tuntun dé.

"Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ò ní olórí. Ẹ fi tèmi kún un."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn, sà," ni Vani wí. "Ẹ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́."

"Ta ló mọ kíláàsì náà jù mí lọ?"

Mo tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ. "Ẹ má mi orí o, sà."

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ni?"

Ẹ wá wo ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá rántí, á mi orí bí alángbá. "Mo mọ̀ ọ́n. Mo tún mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ fún Vani pé kó má wọn orí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ mọ́, kó da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan. Vani ṣe é tomijé tomijé. Pupa yọ, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀gá ra ìrẹsì nasi kandar fún gbogbo wa.

Lọ́jọ́ àfihàn, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn kún gbọ̀ngàn. Puan Rohaya, ìyá àgbà kan tó ti kọ́ ìṣirò rí kó tó di ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba fún ẹ̀kọ́, jókòó níwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n fi pupa hàn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ó dára," ni Puan wí. "Ẹ jẹ́ kí n rí ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Vani gbé e sójú ògiri. Ogún àmì sùn sílẹ̀ bí ìrẹsì tó dànù. Ọ̀kan ṣoṣo wà lókè lọ́hùn-ún.

"Ta nìyẹn?"

Ẹlòmíràn ì bá húkọ́. Ọ̀gá mi fọwọ́ sọ̀yà. "Èmi ni, Puan. Èmi fúnra mi."

"Ẹ kú orí pípé. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yọ olùkọ́, ká wo akẹ́kọ̀ọ́."

"Kò pọn dandan, Puan."

"Ó pọn dandan. Ọmọ mi, yọ ọ̀gá rẹ."

Vani tẹ bọ́tìnì kan. Pupa pòórá, ojú ògiri ṣú bí eérú.

"Ọmọ yìí ló bà á jẹ́!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ké. "Òun ló ṣe ìṣirò!"

Inú bí mi dénú egungun. Mo dìde, mo na ìwé kan sókè, èyí tí ẹ̀rọ fi ń kọ bí orí ṣe ń mì. Ìlà ti gbogbo èèyàn tẹ́jú. Tirẹ̀ ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Puan, pupa yẹn kì í ṣe ìrántí. Orí ọ̀gá wa ló ń mì. Wọ́n ń kan sáárá sí ara wọn nínú ẹ̀rọ."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì gba gbọ̀ngàn kan. A kì í jẹ oyè àwòdì ká má lè gbé adìyẹ; tiwa ò tíì joyè, adìyẹ ti gbé e.

Puan dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀. "Ọmọ mi, kí lo kọ́kọ́ rí?"

"Pé ẹgbẹ́ méjèèjì dọ́gba, mà."

"Ìwé ọ̀mọ̀wé rẹ dà?"

"Ó wà nínú báàgì mi. Wọn ò tíì fọwọ́ sí i."

Puan gba ìwé náà, ó ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó na bírò sí ọ̀gá mi lójú gbogbo wọn. Ọ̀gá fọwọ́ sí i.

"Ẹ ṣeun," ni ìyá àgbà wí, "Ọ̀gbẹ́ni Nazaruddin."