Ìràwọ̀ Jùbrílù, Àwárí Ọdún

Bí ìgbéraga bá ń mú irùngbọ̀n hù, irùngbọ̀n Jùbrílù ì bá ti máa gbálẹ̀ láti Ìtokò dé Òṣíẹ̀lẹ̀. Ajíwojú-ọ̀run! Atẹjúmọ́-sánmà! Láti ọjọ́ tó ti ra awò awọ̀nàjíjìn ni kò ti kí aládùúgbò mọ́. "Ìràwọ̀ kì í bá òkúta sọ̀rọ̀," ló máa ń wí.

Lọ́dọọdún ló ń pe àdúgbò jọ láti ròyìn ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run ṣàwárí láàrin ọdún. Tọdún yìí lágbára: àdúgbò fẹ́ fi ẹnì kan joyè Ìràwọ̀ Ìtokò. Jùbrílù ti ra fìlà oyè náà fúnra rẹ̀. Ó ti dé e sùn lẹ́ẹ̀mejì.

Ilẹ̀ ṣú, èrò pé, ó wúkọ́.

"Èkíní, wọ́n gbọ́ ìró ihò dúdú méjì tó kọlu ara wọn lójú ọ̀run. Èkejì, wọ́n rí ayé tuntun tó ń yí ìràwọ̀ míì po. Ẹ̀kẹta ni èmi!"

Ó nawọ́ sí òkè ọ̀ọ́kán. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan ń tàn níbẹ̀. "Ìràwọ̀ Jùbrílù nìyẹn! Ọmọ-ọmọ yín á darúgbó, ìràwọ̀ yìí ò ní kú!"

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìràwọ̀ náà kú.

Oyè fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Jùbrílù! Àmọ́ ẹnu ò jẹ́ kó dákẹ́. "Ẹ pàtẹ́wọ́! Àwa la kọ́kọ́ fojú rí ikú ìràwọ̀! Àwárí kẹrin!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olóyè Kọ́ládé, olórí àdúgbò, gbé fìlà sókè.

Fóònù Bàrákátù, ìyàwó Jùbrílù, dún. Ìyá rẹ̀ ni, gbogbo èrò sì ń gbọ́ ohùn wọn. "Bàrákátù! Yúnítì iná mi tán o! Inú òkùnkùn ni mo wà!"

Bàrákátù rà á lórí fóònù, ó ń ka nọ́ńbà rẹ̀ fún wọn. "Méje... òdo... mẹ́ta. Ó parí, Màámi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí mítà."

Ìràwọ̀ jí.

"Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Gbogbo èrò ló ké e.

"Ó jíǹde!" ni Jùbrílù pariwo. "Àwárí karùn-ún..."

"Iná ti dé!" Ohùn ìyá àgbà náà tún jáde. "Glóòbù orí táńkì omi lókè ibí náà ti tàn. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ẹ, ṣebí òun ló bá mi so ó nígbà Iléyá."

Olóyè Kọ́ládé rọra gbé fìlà lé Bàrákátù lọ́wọ́. "Bá wa fún màmá ẹ. Àwọn ló ni ìràwọ̀."

Ojú ti Jùbrílù débi tó fi rántí ìkíni. "Ẹ kú alẹ́ o," ló wí, ó ń fà sẹ́yìn.

Àdúgbò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ kú yúnítì o!"